Ẹni Tí Ń Gbé Ìsàlẹ̀ Odò

Bí ènìyàn bá kúrò ní Adó-Èkìtì tí ó sì dojú kọ ọ̀nà Ìgèdè, kò ní pẹ́ kí ó tó dé ìlú tí odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá rí omi náà níbẹ̀ lè rò pé odò kékeré lásán ni, nítorí ibi tí odò ti ń ṣẹ̀ kì í ní ariwo. Ṣùgbọ́n omi yìí kan náà ni ó ń lọ títí tí ó fi kan Òṣogbo, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń péjọ lọ́dọọdún nítorí rẹ̀, kí ó tó wá dà sínú ọ̀sà ní ìhà Èkó. Ará Ìgèdè tí ó bá da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò bù ú mu. Ará Òṣogbo tí ó bá sì jí tí ó rí i pé odò ti kún kò mọ irú òjò tí ó rọ̀ ní Èkìtì ní àná. Láàárín àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ó máa rìn, ó sì yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti omi lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ. Mo fẹ́ pa ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti máa sọ fún ara wọn iye òjò tí ó rọ̀, bí odò ṣe ga tó, àti ìhà tí ìjì ń gbà bọ̀. Mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ tí ó fi ṣòro fún wọn títí di òní láti sọ ọ́ ní gbangba, láìgba owó, láìfi nǹkan pamọ́. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni èyí. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀, èmi fúnra mi sì jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti kà á níwájú.

Àwọn atukọ̀ ojú òkun ni ó kọ́kọ́ mọ iyì irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀gágun ojú omi kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Matthew Fontaine Maury. Ọkùnrin yìí ṣàkíyèsí pé gbogbo ọ̀gá ọkọ̀ ni ó ń kọ afẹ́fẹ́ àti ìgbì tí ó bá pàdé sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìrìnàjò bá ti parí, ìwé náà di ohun tí eruku ń bò. Maury wá dá májẹ̀mú pẹ̀lú wọn pé: ẹnikẹ́ni tí ó bá fi àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, òun yóò fún un ní àwòrán òkun tí òun fi àkọsílẹ̀ gbogbo wọn yà, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú májẹ̀mú náà. Ẹni tí ó mú wá ni ó mú lọ. Kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ. Ní ọdún 1853, àwọn orílẹ̀-èdè bíi mẹ́wàá péjọ sí ìlú Brussels, wọ́n sì fi ẹnu kò pé irú ìwé kan náà ni ọkọ̀ gbogbo wọn yóò máa kọ.

Ọdún kejì rẹ̀ ni ìyà kọ́ àwọn ti orí ilẹ̀ lọ́gbọ́n. Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Tọ́kì ń bá Rọ́ṣíà jagun ní etí Òkun Dúdú. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1854, ìjì líle kan dìde, ó sì fọ́ ọkọ̀ wọn túútúú. Ọkọ̀ ogun ńlá Faransé tí ń jẹ́ Henri IV ṣòfò níbẹ̀. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Prince náà rì, òun sì ni ó kó aṣọ tí àwọn ọmọ ogun ìbá fi la ìgbà òtútù já. Nígbà tí ìròyìn dé Párísì, a pe Le Verrier, olórí ilé tí a ti ń wo ìràwọ̀, pé kí ó wádìí ọ̀ràn náà. Ó kọ lẹ́tà káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ó ní kí olúkúlùkù tí ó bá ní àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ fi ti àwọn ọjọ́ náà ránṣẹ́. Nígbà tí ó to èsì wọn jọ, ohun tí ó rí ya ènìyàn lẹ́nu: ìjì náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ lójijì. Ó ti ń rìn bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ojú àwọn ènìyàn ni ó sì ṣe ń kọjá. Wáyà ti wà ní ayé nígbà náà. Bí ẹni tí ìjì kọ́kọ́ kọlù bá ti ta wáyà sí ẹni tí ó wà níwájú, àwọn ọkọ̀ ìbá ti sá kúrò ní etí àpáta. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jìn sí kòtò kò bá ké, kí ni ará ẹ̀yìn yóò fi gbọ́n?

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ké sí ara wọn. Ní ọdún 1873, wọ́n ṣe àpérò ńlá kan ní ìlú Vienna, ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti gbogbo ayé sì ti ibẹ̀ fìdí múlẹ̀. Inú ẹnikẹ́ni tí ó bá ka ìtàn yẹn yóò dùn, yóò sì rò pé ọ̀ràn ti parí.

Ogun ni ó fi hàn pé kò tí ì parí. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sísọ ojú ọjọ́ lórí rédíò dúró, a kò sì gbọ́ ọ mọ́ títí di ọdún 1945. Ohun tí àgbẹ̀ àti apẹja ń gbọ́ lójoojúmọ́ di àṣírí ogun, nítorí pé bí ọ̀tá bá mọ ibi tí òfúrufú ti mọ́, ó mọ ibi tí yóò ju bọ́ǹbù sí. Ìwọ̀-oòrùn ni ìjì ti ń wọ Yúróòpù, ọwọ́ àwọn ọ̀tá Jámánì ni ìhà náà sì wà. Nítorí náà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1943, àwọn ará Jámánì fi ọkọ̀ abẹ́ omi gbé ẹ̀rọ tí ń wọn ojú ọjọ́ lọ sí etíkun Labrador ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n gbé e kalẹ̀ níbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ irọ́ sí i lára kí ẹni tí ó bá rí i má baà fura. Ó lé ní 30 ọdún lẹ́yìn tí ogun parí kí a tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọmọ aráyé bá ara wọn dé: wọ́n ń jí ìròyìn afẹ́fẹ́ bí olè ti ń jí ewúrẹ́.

Lẹ́yìn ogun náà ni ọgbọ́n padà. A fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1947, àdéhùn náà sì fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1950. Báyìí ni Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé ṣe bẹ̀rẹ̀, Geneva ni olú ilé rẹ̀ sì wà. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1960 tí a gba òmìnira. Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ àjọ yìí ni pé nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà kò lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, tí wọ́n ń fi bọ́ǹbù dẹ́rù ba ara wọn, wọn kò dá fífi iye òjò àti afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí ara wọn dúró.

Nígbà tí ẹ̀rù ogun lọ sílẹ̀ ni owó gba ipò rẹ̀. Láti bí ọdún 1980 síwájú, àwọn ìjọba kan ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún àwọn ọ́fíìsì ojú ọjọ́ wọn pé kí wọ́n máa pa owó wọlé fúnra wọn. Àwọn wọ̀nyí sì bi ara wọn léèrè pé, èéṣe tí a ó fi fi ohun tí a náwó lé lórí fún oníṣòwò tí yóò lọ tà á? Ọ̀nà mìíràn ni Amẹ́ríkà gbà: wọ́n ní owó orí ará ìlú ni a fi kó àkọsílẹ̀ náà jọ, nítorí náà ti gbogbo ènìyàn ni. Àríyànjiyàn náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ náà fi ní láti ṣe òfin lé e lórí ní ọdún 1995. Wọ́n pín àkọsílẹ̀ sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó pọn dandan fún ààbò ẹ̀mí àti dúkìá di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, ìyókù, kí olúwa rẹ̀ fi àdéhùn tí ó bá wù ú sí i. Ní ọdún 1999 wọ́n ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ọ̀ràn odò, ní ọdún 2021 wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀ sí ọ̀kan. Amẹ́ríkà tí mo yìn yìí pàápàá kò mọ́ láìní àbàwọ́n. Láti ọdún 1972 ni sátẹ́láìtì wọn tí ń jẹ́ Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún owó gọbọi ni wọ́n ń ta àwòrán kan ṣoṣo, ọdún 2008 ni wọ́n sì tó sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀fẹ́.

Kí ẹ má baà rò pé gbígbà nìkan ni tiwa, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Nàìjíríà rán sátẹ́láìtì tirẹ̀, NigeriaSat-1, lọ sí òfúrufú ní ọdún 2003. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú New Orleans jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005, sátẹ́láìtì wa wà lára àwọn tí ó ya àwòrán ibi tí omi bò, tí a sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Mo ti sọ ti àwọn ìjọba ńláńlá. Ó kù kí n sọ ti ara mi, nítorí pé ohun tí ó ń dí àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ní Vienna àti Geneva wà ní inú ọkàn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré pẹ̀lú.

Ní ọdún 1986 ni a gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Adó. Mo bá òṣùwọ̀n òjò níbẹ̀, agolo bàbà kan tí a rì dé ìdajì sínú ilẹ̀ ní àárín pápá, tí ìgò wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn á tú omi inú ìgò náà sínú ife onílà, a ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, a ó kọ òdo, nítorí òdo náà jẹ́ ìròyìn. Àlàfo ni kì í ṣe ìròyìn. Mo máa ń bá àwọn ọmọ tí ó bá fo ọjọ́ kan wí gidigidi. Ní ọdún 1994, ọ̀mọ̀wé kan dé, ó ní òun ń ṣe ìwádìí òjò. Ó gba ìwé ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ mi, ó sì ṣèlérí pé òun yóò dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. N kò fi ojú kàn án mọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo gbọ́ pé iye òjò wa ti wà nínú ìwé kan tí a tẹ̀ ní òkè òkun, èyí tí owó rẹ̀ ju owó-oṣù mi lọ. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa kò sí níbẹ̀, áḿbọ̀sì ti àwọn ọmọ tí ó ń fi ẹsẹ̀ gún ìrì ní kùtùkùtù.

Inú bí mi, mo sì búra. Ní ọdún 2007, ọmọbìnrin kan tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ wo àkọsílẹ̀ òjò yín. Àwọn àgbẹ̀ ń sọ pé òjò àkọ́rọ̀ ti ń pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí wọn yóò máa gbin àgbàdo.”

Mo dá a lóhùn pé: “Dìde, ọmọ mi. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi.”

Irọ́ ni mo pa. Ìwé ọdún mẹ́tàlá wà nínú àpótí lẹ́yìn àga tí mo jókòó lé. Mo dàbí Ìjàpá tí ó kó ọgbọ́n ayé sínú akèǹgbè, mo sì pe ìwà náà ní ìṣọ́ra.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, mo ń lọ sí Abuja láti kí ọmọ mi. Ẹ̀yin ará Èkìtì mọ ọ̀nà náà: a gba Òmùò kọjá sí Kabba, a sì já sí Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Bẹ́núè ti dà sínú Odò Ọya. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò sí ọ̀nà mọ́. Omi ti bo ọ̀nà Abuja, ọkọ̀ tò lọ bí ìjàlọ, inú ọkọ̀ ni mo sì sùn. Ní òwúrọ̀ ni mo bá obìnrin kan pàdé, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ẹni tí èdè rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ó jókòó ti ẹrù tí ó rí yọ nínú ilé rẹ̀. Mo kí i kú àdánù, mo sì bi í pé: “Ìyá, ṣé ẹ kò rí i pé omi ń bọ̀ ni?”

Ó ní: “Bàbá, ọdọọdún ni odò ń kún. Ó mọ ààlà tirẹ̀, àwa náà mọ tiwa. A sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí a ti ń sùn. Ìgbà tí a jí, ẹní wa ti ń léfòó. Kò sẹ́ni tí ó sọ fún wa pé omi mìíràn wà lẹ́yìn omi.”

Omi mìíràn wà lẹ́yìn omi lóòótọ́. Orí òkè Adamáwà ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni Bẹ́núè ti ṣẹ̀. Láàárín ọdún 1977 sí 1982, ìjọba ibẹ̀ kọ́ dáàmù kan, èyíinì ni ògiri ńlá tí a fi sé odò, sí Lagdo ní ìtòsí ìlú Garoua, kí wọ́n lè rí iná mànàmáná àti omi tí wọn yóò máa fi bu oko rin. Ìpinnu wà pé kí Nàìjíríà náà kọ́ tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamáwà, kí ó lè máa gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. A kò parí rẹ̀. Nígbà tí òjò pọ̀ ní ọdún 2012, àwọn olùtọ́jú Lagdo ṣí ilẹ̀kùn dáàmù náà kí ògiri má baà wó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìjọba Nàìjíríà kéde pé ènìyàn 363 ni ó kú nínú ìkún omi ọdún náà káàkiri orílẹ̀-èdè, tí àwọn tí ó sá kúrò nílé wọn sì lé ní mílíọ̀nù 2.

Kì í ṣe pé kò sí àdéhùn. Láti ọdún 1963 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí Odò Ọya àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń ṣàn kọjá ti fọwọ́ sí ìwé ní Niamey pé àwọn yóò jọ máa ṣe àkóso rẹ̀. Kamẹrúùnù wà níbẹ̀, Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ní láti tọ̀. Ẹni tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn dáàmù yóò sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá yóò sọ fún mínísítà. Mínísítà yóò sọ fún aṣojú ìjọba wọn ní Abuja. Aṣojú yóò kọ lẹ́tà sí ìjọba wa. Ìjọba wa yóò sọ fún àjọ tí ọ̀ràn kàn. Àjọ yóò sọ fún ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ fún baálẹ̀. Èdè Faransé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ní láti di Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di Haúsá tàbí Tífí tàbí Ígálà. Omi kò dúró de ògbufọ̀. Ẹ sì fi ti ojú àwọn olùtọ́jú dáàmù wò ó pẹ̀lú. Omi ni iná wọn. Wọn kì í fẹ́ ṣí i títí yóò fi di dandan, ẹni tí ó bá sì kéde ìkún omi ṣáájú ń bẹ̀rù pé a ó di ẹ̀bi rẹ̀ ru òun.

Ó yẹ kí a sọ òdodo síbẹ̀ pẹ̀lú: Lagdo kọ́ ni ó ni gbogbo ẹ̀bi. Nígbà tí ìkún omi tún dé ní ọdún 2022, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 600, tí ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù 1.4 kúrò nílé, mínísítà tí ń ṣe àkóso omi ní Nàìjíríà sọ pé òjò tí ó rọ̀ ní ilẹ̀ wa fúnra wa ni ó pọ̀ jù nínú omi náà. Àjọ wa tí ń wọn odò ti kìlọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Ìkìlọ̀ náà wà nínú ìwé, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á. Ṣé ẹni tí ń gbin iṣu sí etí odò ni yóò lọ kà á níbẹ̀?

Nígbà tí mo padà dé Adó ní ọdún 2012 yẹn, n kò kọ́kọ́ lọ sí ilé mi ní àdúgbò Fájuyì. Mo lọ tààrà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo ṣí àpótí náà. Ikán ti jẹ ẹ́. Nínú ìwé mẹ́tàlá, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo lè kà. Mo wá ọmọbìnrin ọjọ́sí títí mo fi rí i. Ó ti di ẹni tí ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì fà á lé e lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí eékún, ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà ó ní: “Bàbá, ọdún kan kò lè sọ bí òjò ṣe ń yí padà.” Àkọsílẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé ọjọ́ kìíní gbà lọ́wọ́ mi ni ó kù ní ayé títí di òní, nínú ìwé olówó gọbọi rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, aṣojú ìjọba Kamẹrúùnù ní Abuja kọ lẹ́tà sí ìjọba Nàìjíríà ṣáájú, pé wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn Lagdo, kí a sì kìlọ̀ fún àwọn tí ń gbé etí odò. Ìjọba sì kéde rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò ní Adó, ní orí òkè tí Bẹ́núè kò lè dé láéláé. Mo rántí obìnrin Ọ̀wọ́rọ̀ náà. Mo gbé fóònù mi, mo sì tún gbé e kalẹ̀: n kò béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì gba nọ́ńbà rẹ̀.